Ẹ ti ra sípéèsì lórí cloud, kí ló dé tí fóònù yín ṣì ń ké pé òun ti kún?

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi àwa tá a mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ní Ifẹ̀ yìí lemọ́lemọ́, yálà ní Lagere ni o, yálà ní Mayfair, yálà nínú ọgbà yunifásítì OAU: "Mo ti sanwó 100 GB fún Google, wọ́n ti yọ owó náà ní báńkì mi, kí ló wá dé tí fóònù mi ṣì ń sọ pé sípéèsì ti tán?" Ẹni tó ń béèrè á ti gbaná jẹ, á ti máa rò pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Wọn ò lù ú ní jìbìtì o. Ohun tó sanwó fún ni wọ́n fún un, ó kàn jẹ́ pé ibi tó kún kọ́ ló sanwó sí.

Sípéèsì méjì ni gbogbo wa ń lò lóde òní. Ọ̀kan wà nínú fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù yín gan-an, wọ́n ti kì í bọ inú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á náà ló máa jẹ́ títí, àfi tẹ́ ẹ bá fi memory card sí i, tàbí tẹ́ ẹ gbé láptọ́ọ̀pù fún ẹni tó máa bá yín pààrọ̀ hard disk. Èkejì wà lọ́dọ̀ àwọn Google, Apple, Microsoft àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, òun là ń pè ní cloud. Owó tẹ́ ẹ bá san lóṣooṣù, èkejì yìí ló ń mú fẹ̀, kò kan ti àkọ́kọ́ rárá. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Ifẹ̀ tó wá lọ háyà sitọ́ọ̀ sí Iléṣà, tó bá gba sitọ́ọ̀ mẹ́ta sí i ní Iléṣà, yàrá tó wà ní Ifẹ̀ ò ní tìtorí ẹ̀ fẹ̀, àfi tó bá kó ẹrù kúrò nínú ẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn, torí cloud kì í dédé kó nǹkan kúrò nínú fóònù yín, ẹ̀dà ló máa ń ṣe.

Cloud ọ̀hún náà, dísíkì ni o. Dísíkì inú kọ̀ǹpútà ni, ó kàn jẹ́ pé àwọn kọ̀ǹpútà yẹn pọ̀ bí eṣú, inú ilé ńlá ńlá ni wọ́n tò wọ́n sí, iná ò gbọ́dọ̀ lọ níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fi omi tàbí atẹ́gùn tù wọ́n lára kí wọ́n má bàa gbóná jù. Google ní ọ̀kan ní The Dalles ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà láti 2006, òmíràn wà ní Hamina ní ilẹ̀ Finland, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pépà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n rà lọ́dún 2009 tí wọ́n sọ dà bẹ́ẹ̀, omi òkun ni wọ́n fi ń tu àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ lára. Torí náà tí fọ́tò ọmọ yín bá wà "lórí cloud", ó wà lórí dísíkì ẹlòmíì, ẹni yẹn sì ti sọ iye àyè tó máa fún yín. Google ń fún èèyàn ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive tó wà fún fáìlì, àti Photos ló sì jọ ń pín in jẹ. Apple ń fúnni ní 5 GB, Microsoft 5 GB, Dropbox 2 GB. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ sanwó.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò. Inú fóònù ni fọ́tò náà kọ́kọ́ balẹ̀ sí, ó ti jẹ sípéèsì níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tan backup sílẹ̀ nínú áàpù bíi Google Photos, tí dátà tàbí Wi-Fi bá wọlé, áàpù náà á ṣe ẹ̀dà kan, á fi ránṣẹ́ sórí cloud lọ́hùn-ún, ìyẹn náà á jẹ sípéèsì níbẹ̀. Fọ́tò kan ti di méjì. Kò sẹ́ni tó yọ ti fóònù kúrò. Bẹ́ ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lọ sọ́hùn-ún látàárọ̀ dalẹ́, fóònù ò ní fi MB kan ṣófo sí i, torí àdàkọ lẹ̀ ń ṣe, ẹ ò tíì kó nǹkan kan.

Ohun tó tún wá ń da ọ̀rọ̀ yìí rú fáwọn èèyàn ni pé backup àti sync kì í ṣe nǹkan kan náà, bẹ́ẹ̀ áàpù kan náà lè máa ṣe méjèèjì pọ̀. Backup ni pé kí ẹ̀dà kan wà níbòmíì tó bá ṣe pé ti ọwọ́ ẹni bàjẹ́. Sync ní tiẹ̀, ó fẹ́ kí ibi méjèèjì rí bákan náà nígbà gbogbo, ohun tẹ́ ẹ bá fi síbí á dé ọ̀hún, èyí tẹ́ ẹ bá yí padà níbí á yí padà lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ bá wá pa nǹkan rẹ́ níbí, òun náà á gbọ́ràn, á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Ìkẹyìn yìí ló ń dá omijé síni lójú. Èèyàn á ní "ó kúkú wà lórí cloud", á bẹ̀rẹ̀ sí í dìlíìtì nínú fóònù kí sípéèsì lè wà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà á wá fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀ tì.

Ìyá kan tó ń ta léèsì àti aṣọ òkè ní Lagere gbé fóònù ẹ̀ wá bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ mi, fóònù yìí ló ní òun ò lè ya fọ́tò mọ́, mo sì ti sanwó Google tẹ́ ẹ ní kí n san."

"Ẹ kú ìyọnu mà. Ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò."

Fóònù 64 GB ni. Android fúnra ẹ̀ àtàwọn áàpù ti jẹ ibi tó pọ̀ nínú ẹ̀ kí Màmá tó ya fọ́tò kan ṣoṣo, ìyókù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ fọ́tò aṣọ tán: léèsì aláwọ̀ búlúù láti iwájú, láti ẹ̀yìn, àtèyí tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Gbogbo ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ Google, kò sí èyí tó ṣẹ́kù.

"Mà, gbogbo fọ́tò yín ló ti wà lọ́hùn-ún, àmọ́ wọ́n ṣì wà nínú fóònù náà."

"Ẹ̀n-ẹ́n, kí n wá máa pa wọ́n rẹ́ nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pa wọ́n rẹ́ báyẹn o!"

Inú Google Photos, tẹ́ ẹ bá tẹ fọ́tò ara yín tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ "Free up space" sí. Èyí ni Màmá nílò. Ó máa wo fọ́tò tó ti dé ọ̀dọ̀ Google pátápátá, á yọ ẹ̀dà tinú fóònù nìkan kúrò, á fi tọ̀hún sílẹ̀, á tún sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé iye GB báyìí ló máa ṣófo. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí fọ́tò kan nínú Google Photos kan náà, tẹ́ ẹ wá tẹ àmì ike ìdalẹ̀nù ìsàlẹ̀, ìyẹn ti yàtọ̀, ó ń sọ pé "mi ò fẹ́ fọ́tò yìí mọ́ níbikíbi", ó máa kúrò nínú fóònù, á kúrò lọ́dọ̀ Google, á kúrò nínú tablet yín náà tí wọ́n bá jọ wà lórí àkáǹtì kan. Á lo ọgọ́ta ọjọ́ nínú ìdalẹ̀nù tó bá jẹ́ pé wọ́n ti ṣe backup ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó di ìgbàgbé. Bọ́tìnì méjì tó wà nínú áàpù kan náà, tó jọ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ọ̀kan ń tú àyè sílẹ̀, ọ̀kan ń pa nǹkan run. Èmi ò rò pé ẹni tó ṣètò ẹ̀ báyẹn ro ti àwọn ìyá wa mọ́ ọn.

Màmá tẹ "Free up space", fóònù mí kanlẹ̀. Ó wá kù nǹkan kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kí wọ́n tó lọ. Fọ́tò tí wọ́n ti yọ kúrò yẹn ṣì máa hàn nínú Google Photos bíi pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ àwòrán kékeré lásán ló kù nínú fóònù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ kedere, tẹ́ ẹ fẹ́ sún un mọ́ra kí kọ́sítọ́mà rí bí òwú ẹ̀ ṣe rí, ó máa lọ gbé e wá láti ọ̀hún, dátà lá fi gbé e. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé, kọ́sítọ́mà á dúró tì yín, àwòrán á máa yí bìrìbìrì. Mo ní kí wọ́n mú àwọn aṣọ tó ń yá jù lọ́jà, kí wọ́n dáńlóòdù ìyẹn padà sínú fóònù, kí ìyókù wà lọ́hùn-ún. Sípéèsì tẹ́ ẹ bá tú sílẹ̀ nínú fóònù, dátà lẹ máa fi san án lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí nǹkan náà. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀.

Nǹkan kékeré kan tún wà níbẹ̀ o: lórí Android, Google Photos kì í fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe backup gbogbo fódà. Èyí tẹ́ ẹ fi kámẹ́rà yà ló ń gbé. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp wà nínú fódà ọ̀tọ̀, àfi tẹ́ ẹ bá wọ inú setting lọ tan fódà yẹn fúnra yín. Torí náà "mo ti ṣe backup" kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan ti dé ọ̀hún. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbé fóònù fún ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́, ìyẹn ẹni tó máa pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́.

WhatsApp gan-an ló wá ń jẹ sípéèsì jù. Tẹ́ ẹ bá rí fóònù tó kún ní Ifẹ̀ níbí, ẹ kọ́kọ́ wo WhatsApp ẹ̀: ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé ìgbà yẹn, àdúrà òwúrọ̀ tó jẹ́ fídíò, ẹni tó ń kíni kú ọdún, ẹni tó ń dá ẹni tó kíni kú ọdún lóhùn. Gbogbo ẹ̀ ló ń balẹ̀ sínú fóònù tẹ́ ẹ bá fi dáńlóòdù sílẹ̀ kó máa ṣe é fúnra ẹ̀. Àwọn èèyàn á wá ní, àmọ́ mo ń ṣe backup WhatsApp sí Google lóròòru. Òótọ́ ni. Backup yẹn ò yọ nǹkan kan kúrò nínú fóònù yín, ẹ̀dà ló ń ṣe síbẹ̀, láti 2024 ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú 15 GB yín lórí Android. Ṣáájú ìgbà yẹn, wọn kì í kà á mọ́ yín lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí Google wọn ò kún rí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ó ti kún, tí wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Backup WhatsApp kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ lè kó nǹkan pamọ́ sí títí lọ, torí èyí tuntun máa ń bo èyí tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ká ní ẹ pa fídíò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ́ nínú WhatsApp lónìí kí fóònù lè fúyẹ́, tí ẹ ní ó wà nínú backup àná. Òru òní, fóònù á ṣe backup tuntun, fídíò yẹn ò sí nínú fóònù mọ́, torí náà kò ní sí nínú backup tuntun, ti àná sì ti lọ. Nǹkan tó bá ṣe pàtàkì sí yín nínú WhatsApp, ẹ gbé e jáde síta lọ sínú Photos tàbí Drive fúnra yín, kẹ́ ẹ wá lọ sí Settings, ẹ tẹ "Storage and data", ẹ tẹ "Manage storage", ibẹ̀ lẹ ti máa rí ẹgbẹ́ tó ń jẹ yín run, láti orí èyí tó wúwo jù, kẹ́ ẹ pa ìdọ̀tí ibẹ̀ rẹ́ láìbójú wẹ̀yìn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yí i po, torí láptọ́ọ̀pù máa ń ṣe òdìkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ra láptọ́ọ̀pù tuntun tó ní 512 GB, kò tíì fi nǹkan gidi kan sínú ẹ̀, ká ní 400 GB ṣì ṣófo, Windows wá ń pariwo pé "OneDrive is full", ìyẹn cloud ti Microsoft. Á sáré lọ ra hard disk ti ìta, ó fowó ṣòfò nìyẹn, torí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ò kún, ti Microsoft tó jẹ́ 5 GB ló kún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tó ń ṣètò láptọ́ọ̀pù, tó fi ímeèlì Microsoft wọlé, ó tẹ "Next", "Next", "Next", ọ̀kan nínú àwọn "Next" yẹn sì sọ pé kí OneDrive máa bá òun tọ́jú Desktop, Documents àti Pictures. Láti ìgbà yẹn, gbogbo fíìmù tó bá jù sórí Desktop ń wá bó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ Microsoft. Fíìmù méjì mẹ́ta ti kún un.

Tó bá jẹ́ tiyín, ẹ tẹ àmì OneDrive tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ẹ wọ Settings, ẹ wá "Manage backup", ẹ pa èyí tẹ́ ẹ ò fẹ́. Ẹ má bẹ̀rù tẹ́ ẹ bá wá rí i pé Desktop ṣófo lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹn ti lé ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn jáde. Àwọn fáìlì yẹn ò sọ nù, wọ́n wà nínú fódà OneDrive, ẹ kàn máa fọwọ́ ara yín gé wọn kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ̀ wọ́n padà síbi tẹ́ ẹ fẹ́.

Ẹni tó bá sì fẹ́ máa lo OneDrive lọ, kó kọ́ àmì mẹ́ta tó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán kúrukùru aláwọ̀ búlúù, fáìlì yẹn ò sí nínú láptọ́ọ̀pù yín, orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, tí íńtánẹ́ẹ̀tì ò bá sí, kò ní ṣí. Tẹ́ ẹ bá rí àmì máàkì aláwọ̀ ewé nínú òbìrí funfun, ẹ ti ṣí i rí, ó ti balẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, àmọ́ Windows lè yọ ọ́ kúrò nígbà tí sípéèsì bá fún un. Tó bá jẹ́ òbìrí aláwọ̀ ewé tó kún dí, tí máàkì inú ẹ̀ funfun, ẹ̀yin lẹ sọ pé kó máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tẹ́ ẹ bá tẹ fáìlì ní right-click, "Always keep on this device" ń mú un dúró sínú ẹ̀rọ, "Free up space" ń jẹ́ kó wà lọ́hùn-ún nìkan, "Delete" ń yọ ọ́ kúrò níbi méjèèjì.

Ẹ fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú yín? Ẹ mú fáìlì kan tó ní àmì kúrukùru búlúù yẹn, ẹ tẹ ẹ́ ní right-click, ẹ wọ Properties. Ẹ máa rí ìlà méjì: "Size" àti "Size on disk". Tó bá jẹ́ fídíò 2 GB, "Size" á ní 2 GB, "Size on disk" á ní 0 bytes. Gbogbo àlàyé tí mo ń ṣe látòkè wà nínú ìlà méjì yẹn. Ọ̀kan ń sọ bí nǹkan náà ṣe tóbi tó níbi tó wà, ìkejì ń sọ ohun tó ń jẹ nínú ẹ̀rọ yín báyìí. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ní fódà tó ní 200 GB nínú láptọ́ọ̀pù tí gbogbo dísíkì ẹ̀ ò ju 128 GB lọ, tí kò sì sí idán kankan níbẹ̀.

Ti Google Drive lórí kọ̀ǹpútà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń ya fọ́tò àti fídíò. Tẹ́ ẹ bá fi áàpù ẹ̀ sórí Windows, ó máa yọ dráìfù kan jáde, wọ́n sábà máa ń pè é ní G:, ó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ C:, ìyẹn dísíkì inú láptọ́ọ̀pù gan-an, bíi pé hard disk mìíràn ni. Kì í ṣe hard disk mìíràn o jàre. Tẹ́ ẹ bá ju nǹkan sínú G:, inú C: ló kọ́kọ́ máa fi pamọ́ sí ná, níbi tẹ́ ẹ ò ti ní rí i, kó tó wá máa fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá wo ẹni tó lọ ya fọ́tò ọdún Ọlọ́jọ́ ní Enuwa. Ọjọ́ tí Ọ̀ọ̀ni bá dé adé Àrè, kò sí fotogíráfà tó máa ka iye ìgbà tó tẹ bọ́tìnì, ojú gbogbo ayé wà níbẹ̀. Ká sọ pé ó ya ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò lọ́nà RAW, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe gbà á gan-an láìtún un ṣe, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 25 MB. 25 GB ti nìyẹn, ó ti ju ọ̀fẹ́ Google lọ kó tó kan fídíò. Ó délé, 20 GB ló kù nínú C: ẹ̀, ó ní kò séwu, òun á jù ú sínú G: tó jẹ́ pé 100 GB ni òun sanwó fún. C: kún fọ́fọ́ kó tó dé ìdajì alẹ́, láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín. Ó rò pé cloud ló ń kó nǹkan sí, bẹ́ẹ̀ inú ilé ara ẹ̀ ló ṣì ń kó o gbà.

Àti pé kí ló ń gbé 25 GB yẹn lọ? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Tó bá ń gbé nǹkan jáde ní 2 Mbps, ìyẹn MB kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, láìdáwọ́ dúró, ó máa tó wákàtí 28 kó tó parí. Ṣé iná á wà fún wákàtí 28, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní ṣẹ́ ojú, ẹ̀yin náà ẹ mọ ìdáhùn. 25 GB dátà sì ti wọlẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílò hard disk ti ìta méjì kó tó nílò cloud, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹnì kan tó fọkàn tán, kó wá jẹ́ pé èyí tó ti ṣe parí tí kọ́sítọ́mà fẹ́ gbà lá máa gbé lọ sórí cloud. Ẹ lè má gbà fún mi, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ro iye dátà.

Áàpù Google Drive yìí ní ọ̀nà méjì tó fi ń ṣiṣẹ́, ó máa bi yín tẹ́ ẹ bá wọ setting: "Stream files" tàbí "Mirror files". Stream, nǹkan wà lọ́hùn-ún, ó ń gbé e wá nígbà tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀. Mirror, gbogbo ohun tó wà lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ wà nínú láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú. Ẹni tó ní 80 GB nǹkan lórí Drive, tí 50 GB ló ṣófo nínú láptọ́ọ̀pù ẹ̀, tó wá mú Mirror, kí ló fẹ́ kó ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọgbà, ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó lọ tẹ project yín. Ohun tẹ́ ẹ kọ sínú Google Docs kì í ní fáìlì gidi nínú kọ̀ǹpútà yín. Tẹ́ ẹ bá wo inú G:, ẹ máa rí i pé orúkọ ẹ̀ parí sí .gdoc, ìwọ̀n ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan, bí orí marùn-ún project bá tiẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó ń júwe ibi tí iṣẹ́ yín wà lọ́hùn-ún lásán nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dà á kọ sínú flash, tẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé níwájú gate, kò ní ṣí níbẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ni súpáfáísọ̀ ní kẹ́ ẹ wá. Inú Google Docs ni kẹ́ ẹ ti tẹ File, ẹ tẹ Download, ẹ mú Microsoft Word tàbí PDF, ìyẹn ló máa di fáìlì tó ṣeé gbé rìn.

Àwọn oní-iPhone, tiyín ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá tan iCloud Photos, sync ni, kì í ṣe backup lásán, fọ́tò tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ nínú fóònù máa kúrò níbi gbogbo, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ nínú "Recently Deleted". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí sípéèsì wà nínú fóònù láìpa nǹkan rẹ́, ẹ mú "Optimise iPhone Storage", á máa fi èyí tó kéré sílẹ̀ nínú fóònù, á fi ojúlówó sí ọ̀hún.

Ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n já yín láyà pé wọ́n ta ayédèrú fún yín torí hard disk 1 TB, ìyẹn ẹgbẹ̀rún GB, ń ṣàfihàn 931 GB lórí Windows. Ẹni tó ṣe é ń fi ẹgbẹ̀rún kà á, Windows ń fi 1,024 kà á, dísíkì kan náà ni. Fóònù 64 GB tí kò fún yín ní 64 náà, ẹ fi Android tó jókòó sínú ẹ̀ kún un.

Ìdalẹ̀nù náà ń jẹ sípéèsì, èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ohun tẹ́ ẹ pa rẹ́ nínú Drive ṣì wà nínú trash fún ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n sì ń kà á mọ́ 15 GB yín títí tẹ́ ẹ fi máa tú u dànù, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gmail. Èyí tó le níbẹ̀ ni pé tí 15 GB yẹn bá kún, kì í ṣe fọ́tò nìkan ló ń dúró, Gmail yín ò ní gba lẹ́tà mọ́, ẹni tó kọ ọ́ á rí i pé ó padà wá bá òun, ẹ̀yin ò sì ní mọ̀ pé wọ́n pè yín fún íńtáfíù. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ní kíkún bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, Google ti sọ ọ́ pé òun lè pa nǹkan inú ẹ̀ rẹ́.

Ti fáìlì tí ẹlòmíì bá ṣí fún yín, ìyẹn tó bá share ẹ̀ fún yín, wá kù. Lórí Drive, kò jẹ nínú sípéèsì yín, ẹni tó ni ín ló ń jẹ tiẹ̀, kò sì jẹ nínú láptọ́ọ̀pù yín tẹ́ ẹ ò bá dáńlóòdù ẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ni, àmọ́ ẹ rántí pé òun ló ni ín. Lọ́jọ́ tí kọ́ọ̀sì rep bá parí ẹ̀kọ́ ẹ̀, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípéèsì, tó pa fódà past questions yẹn rẹ́ tó sì tú ìdalẹ̀nù ẹ̀ dànù, ó kúrò lọ́wọ́ gbogbo kíláàsì. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ṣì máa nílò ẹ̀, kó tètè tẹ "Make a copy" lórí àwọn fáìlì ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, inú 15 GB tiẹ̀ náà ni yóò sì ti máa jẹun láti ìgbà yẹn lọ.